Dẹ́sáàtì róòsì tó ti Òkè Ọya wá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí òjò tó dé

Ìyá Ìbejì (Ìgbógbó, Ìkòròdú)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn fúláwà. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kátsínà fi dẹ́sáàtì róòsì mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Kò sí yẹ̀pẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, bébà ni wọ́n fi wé gbòǹgbò wọn nínú páálí. Ìdí wọn wú, ó ki, ewé orí wọn ò tó nǹkan, síbẹ̀ ọ̀kan ti tanná pupa sórí. Àbúrò mi ní lọ́dọ̀ àwọn, inú pápá ló ń hù sí fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín.

Ẹ̀bá géètì ni mo rò ó sí, kí àlejò kọ́kọ́ rí i. Ilẹ̀ pupa ni ibẹ̀, tí òjò bá rọ̀, omi máa ń dá síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ṣé kí n gbẹ́lẹ̀ fún un ni, àbí inú ìkòkò ló yẹ ẹ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n máa bomi rin ín lọ́sẹ̀? Ọmọ ọ̀dọ̀ mi ń wọ́n omi sí gbogbo fúláwà láràárọ̀, ṣé kó máa wọ́n sí tèyí náà?

Bàbá Ọlọ́gbà (Odogúnyàn)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó má wulẹ̀ sún mọ́ ọn. Láti ìgbà tí mo ti ń ta fúláwà nílùú yìí, n kò tíì rí dẹ́sáàtì róòsì kan tí òùngbẹ pa. Gbogbo èyí tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé "Bàbá, ẹ bá mi wò ó", omi ló pa wọ́n.

Sàhẹ́lì ni ilé igi yìí, láti Senegal títí dé Sudan, ó tún gba ìlà-oòrùn Áfíríkà wọ ilẹ̀ Lárúbáwá. Òjò ọdún kan gbáko ní Sàhẹ́lì, nǹkan bíi mílímítà 200 sí 600 ni. Tiwa ní Èkó ń kọjá 1,500, oṣù Kẹfà ló sì ń dà jù. Ìdí rẹ̀ tó wú yẹn, omi ló kó pamọ́ síbẹ̀ de ìgbà ọ̀dá. Ẹ wá lọ gbé irú igi bẹ́ẹ̀ sínú ilẹ̀ tí omi ń dá sí, gbòǹgbò ò ní rí afẹ́fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rà lábẹ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ewé á ṣì tutù lókè, ẹ ó rò pé ara rẹ̀ le. Ìgbà tí ewé bá fi máa rẹ̀, ìdí ti di omi.

Torí náà, ìkòkò ni. Ẹ má sì tíì gbìn ín lónìí. Nígbà tí wọ́n hú u ní Kátsínà, gbòǹgbò á ti já níbì kan. Ẹ tú bébà yẹn kúrò, ẹ gé gbòǹgbò tó ti fọ́ tàbí tó ti dúdú, ẹ gbé igi náà síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn ò sí, kí ojú egbò gbẹ fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún. Kò ní kú. Lẹ́yìn náà ẹ gbìn ín sínú iyanrìn gbígbẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó bomi sí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ohun tí ẹ ó pò fún un: ṣáàpù sáàǹdì tí àwọn bíríkìlà ń lò, òṣùwọ̀n méjì. Gíránáìtì wẹ́wẹ́, òṣùwọ̀n kan. Ilẹ̀ dúdú tó ti jẹ́ ewé jíjẹrà, òṣùwọ̀n kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè fọ́ èédú sí i. Ẹ sẹ́ iyanrìn náà kí ẹ tó lò ó, kí èyí tó kúnná bọ́ sílẹ̀, torí èyí tó kúnná ló ń dì pọ̀ tó ń di omi mú. Tí ẹ bá da omi sókè, tí ẹ ò sì rí i kó máa ṣàn jáde lábẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ tú u, ẹ tún un pò.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣé gan-an ni sà. Ìkòkò amọ̀ wà nílé, ti omi mímu àtijọ́, ṣùgbọ́n kò ní ihò nídìí.

Bàbá Ọlọ́gbà

Ìkòkò amọ̀ ló dáa jù, torí ara rẹ̀ ń mí, ó ń yára gbẹ ju rọ́bà lọ. Ẹ rì í sómi mọ́jú kó rọ̀ díẹ̀, kí ẹ wá fi ìṣó ńlá lu ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú, ẹ má fi òòlù gbá a. Ihò mẹ́ta tó fẹ̀. Ẹ gbé ìkòkò sórí bíríkì méjì kí abẹ́ rẹ̀ má kan ilẹ̀, ẹ má sì gbé àwo sábẹ́ rẹ̀ rárá.

Àgbọn Dùn (Ajárá, Àgbádárìgì)

Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, màá fi ọ̀wọ̀ ta kò yín díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni kò gbà á. Lọ́dọ̀ wa níbí, iyanrìn ni a tẹ̀ dó lé. Òjò tó rọ̀ láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, ilẹ̀ ti fà á mu tán. Tèmi wà nílẹ̀, ó ti ga dé àyà mi, ó sì ń tanná dáadáa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ebè ni mo kọ fún un, ó ga tó orúnkún. Mo da àfọ́kù bíríkì sí abẹ́ ebè náà, iyanrìn sórí rẹ̀, mo wá gbin igi sí góńgó orí rẹ̀ gan-an, kí omi máa ṣàn kúrò lára ìdí rẹ̀ lápá gbogbo.

Ohun méjì péré ni kí ará Àgbádárìgì ṣọ́ra fún. Ẹ má bu iyanrìn etí òkun wá sílé kí ẹ gbin nǹkan sí i bẹ́ẹ̀, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ti odò ni kí ẹ rà. Tó bá jẹ́ ti òkun náà lẹ ní, ẹ dà á síta kí òjò fọ̀ ọ́ fún àsìkò kan. Ìkejì, èèpo àgbọn. Gbogbo wa níbí la ń pò ó mọ́ yẹ̀pẹ̀ torí kì í wọ́n wa, ó sì dáa fún ata àti tòmátì torí ó ń di omi mú. Ìdí kan náà ni kò ṣe dáa fún igi yìí.

Bàbá Ọlọ́gbà

Mo gbà fún yín. Iyanrìn yín yàtọ̀ sí ilẹ̀ pupa wa. Ṣùgbọ́n ará Ìkòròdú tó bá kọ́ ebè náà, amọ̀ ló máa fi kọ́ ọ.

Ọmọ Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi ò kú, ṣùgbọ́n kò tanná rí. Ewé ló kàn ń yọ, ó ń ga lọ sókè tíẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ ò wú. Lẹ́bàá títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ni mo ti rà á, nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, ìgbà yẹn òdòdó wà lórí rẹ̀ dáadáa. Mo ń fi ìgbẹ́ adìẹ sí i déédéé.

Tísà Ọ̀gbìn (Ìmọ̀tà)

Ọ̀gá, ibo lẹ gbé e sí?

Ọmọ Ẹlẹ́ja

Abẹ́ igi máńgòrò, kí oòrùn má jó o.

Tísà Ọ̀gbìn

Oòrùn ò lè jó o. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo kọ́ ní Pólì Ìkòròdú, kó tó di yunifásítì ní 2022, igi yìí sì wà lára ohun tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ nípa bí ewéko ṣe ń bá ibi tó wà mu. Ó kéré tán, wákàtí mẹ́fà oòrùn tààrà ló ń fẹ́ lójúmọ́. Tí kò bá rí i, á máa na ọrùn wá ìmọ́lẹ̀ kiri, ìyẹn ni gíga tíẹ́rẹ́ tí ẹ ń rí yẹn. Ẹ gbé e jáde, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sún un bọ́ síta díẹ̀díẹ̀, torí ewé tó ti mọ́ òjìji lára lè bó.

Ìgbẹ́ adìẹ ńkọ́? Ewé ni náítírójìn inú rẹ̀ ń fà jáde, kì í ṣe òdòdó, ara tó bá sì fi yára dàgbà máa ń rọ̀, kì í pẹ́ rà. Ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ajílẹ̀ NPK 15-15-15 ló wọ́pọ̀ lójà wa, ẹ lò ó ní ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù nígbà tó bá ń yọ ewé tuntun, ẹ bomi sí i kí ẹ tó fi sí i. Tó bá ti wọ́wé, ẹ má fún un ní nǹkan kan.

Nípa gígé: igi tó ti ga láìní ẹ̀ka, ẹ gé orí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù Kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Ibi tí ẹ bá gé á yọ ẹ̀ka púpọ̀, orí ẹ̀ka tuntun sì ni òdòdó ń jókòó sí. Ẹ má gé e lásìkò òjò láéláé. Ojú ọgbẹ́ tí omi bá wọ̀, ibẹ̀ ni rírà á gbà sọ̀ kalẹ̀.

Alhaja Pópó Ọbà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ ṣé o, Tísà. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń fi tiyín ṣe nínú oṣù Kẹfà. Ẹ̀bá ọ̀sà ni ilé wa, òjò lè rọ̀ láti Mọ́ńdè di Fúráídè. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Mo ní mẹ́fà, n kò lè máa gbé mẹ́fà wọlé-jáde, orúnkún mi ò gbà.

Bàbá Ọlọ́gbà

Alhaja, ẹ má gbé e. Ẹ dà á dùbúlẹ̀. Tí òjò ọlọ́jọ́-gbọọrọ bá ṣú, ẹ kàn yí ìkòkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbòmíràn, omi ò ní ráyè wọlé. Tí oòrùn bá yọ, ẹ gbé e dìde. Bí mo ṣe ń ṣe àwọn ńlá ọgbà mi nìyẹn.

Àgbọn Dùn

Ọmọ mi kan ìbòrí kékeré fún àwọn tó wà nínú ìkòkò, igi mẹ́rin, ó fi páànù rọ́bà tí oòrùn ń gbà kọjá bò ó, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Owó tó ná wa ò tó owó fúláwà mìíràn. Ẹ má kàn tò wọ́n sábẹ́ òrùlé ilé torí pé òjò ò débẹ̀ o. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà síbẹ̀, ìyẹn le ju òjò fúnra rẹ̀ lọ.

Tísà Ọ̀gbìn

Kí n dáhùn ìbéèrè Ìyá Ìbejì nípa iye ìgbà tí èèyàn ń bomi, torí a ti fi í sílẹ̀. Kò sí iye ìgbà. Ẹ mú ẹyọ ọwọ̀ kan láti ara ìgbálẹ̀, ẹ tì í bọ inú ìkòkò dé ìsàlẹ̀, ẹ fà á yọ. Tí iyanrìn tútù bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kọjá lọ. Tó bá gbẹ jáde, ẹ bomi sí i dáadáa títí omi fi ṣàn lábẹ́, kì í ṣe fífi ife wọ́n ọn. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún dé ìparí oṣù Keje, n kì í fún tèmi ní omi kankan. Nígbà tí òjò bá sinmi nínú oṣù Kẹjọ, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò, torí òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì ń bọ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá.

Tí ọ̀yẹ́ bá fẹ́ tí ewé bá wọ́, ẹ má bẹ̀rù. Igi tí kò ní ewé ò mu omi púpọ̀, ẹ dín in kù sí i.

Ṣadé B. (Agric, Ìkòròdú)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, tèmi ti ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan! Mo fi ìka tẹ ìdí rẹ̀, ó wọlé. Ṣé kí n jù ú nù?

Bàbá Ọlọ́gbà

Má jù ú nù, ọmọ mi. Tẹ gbogbo ara rẹ̀ yípo bí wọ́n ṣe ń tẹ iṣu lójà, kí o mọ ibi tó rà dé. Tó bá ti yí ìdí ká, ó ti lọ nìyẹn, o lè gé ẹ̀ka tó ṣì le kí o fi gbin òmíràn. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan:

Hú u lónìí. Gbọn gbogbo yẹ̀pẹ̀ náà dà nù, má tún un lò. Mú ọ̀bẹ tó mú, fi sípíríìtì nù ún, kí o máa gé ibi tó rọ̀ lọ títí o ó fi kan ara funfun tó le, tí kò sí àmì dúdú tàbí pupa rúsúrúsú kankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo gígé, tún nu ọ̀bẹ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwọ fúnra rẹ ni yóò máa kó àrùn lọ sínú ara tó dáa. Má ṣàánú rẹ̀. Bí o bá ṣẹ́ díẹ̀ kù, á tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lọ èédú kúnná, fi pa ojú ọgbẹ́. Gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn wà, tí òjò ò dé, fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, títí ojú ọgbẹ́ á fi le bí o bá fọwọ́ kàn án. Nígbà náà ni kí o tó gbìn ín sí iyanrìn gbígbẹ. Wọ ìbọ̀wọ́ o.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì (Àgbádárìgì)

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ yẹn ni mo ti ń dúró dè látòkè, ẹ̀yin sì kàn ń sọ̀rọ̀ òdòdó lọ. Oje igi yìí májèlé ni. Lóríṣiríṣi ibi ní Áfíríkà, òun ni àwọn ọdẹ ń sè sí ẹnu ọfà kí ẹran má bàa lọ jìnnà. Ọkàn ló ń bá jà: ìlù ọkàn á máa ṣe ségesège, ó sì lè dúró pátápátá. Ẹni tó bá gé e kó fi ọṣẹ fọwọ́, kó má fọwọ́ kan ojú. Ẹni tí ọmọ kékeré tó ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kó gbé ìkòkò náà sókè. Tí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì. Ilé ìwòsàn tààrà, kí ẹ mú ewé náà dání kí dókítà rí i.

Ọmọ Ẹlẹ́ja

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹnì kan sọ fún mi pé wọ́n ń fi sí àgbo fún jẹ̀díjẹ̀dí.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì

Ẹ sọ fún ẹni yẹn kó kọ́kọ́ mu tiẹ̀.

Alhaja Pópó Ọbà

Ẹ má bínú, ìyá mi jẹ́ ará Òkè Ògùn, bomubómu ni wọ́n fi ń mú kí wàrà dì, òun náà sì ní oje. Ṣé kì í ṣe ẹbí kan náà ni wọ́n?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì

Ẹbí kan náà ni lóòótọ́ Alhaja, ọ̀dá ò sì í pa bomubómu náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe wàrà mọ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò láti ìran dé ìran, òun náà sì ní oró tirẹ̀. Ti dẹ́sáàtì róòsì ò sí nínú oúnjẹ kankan. Kí ẹnikẹ́ni má dá ìwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀.

Tísà Ọ̀gbìn

Ẹ kúkú jẹ́ ká sọ ti kòkòrò náà. Pẹ̀lú gbogbo oró yẹn, kòkòrò ajẹwé kan wà tí kò kà á sí, ọmọ labalábá alẹ́ kan ni. Ó tóbi tó ìka ọwọ́, àwọ̀ ewé ni, ó ní àmì róbótó bulúù méjì lẹ́yìn orí àti ìwo kékeré nídìí. Ó lè jẹ ewé igi kan tán mọ́jú. Kò nílò oògùn. Ẹ wá a lábẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ mú un kúrò. Ewé á tún hù.

Èyí tó funfun wúruwùru ní kọ̀rọ̀ ẹ̀ka, ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú sípíríìtì nù ún. Nígbà ọ̀yẹ́, àwọn tín-ín-tìn-ín tó ń ta òwú lábẹ́ ewé ń pọ̀, ewé á máa ní tótòtó funfun. Omi lásán ni kí ẹ fi fọ abẹ́ ewé láàárọ̀, kó lè gbẹ kí alẹ́ tó lẹ́.

Àgbọn Dùn

Fún ẹni tó bá fẹ́ rà: àwọn olóríṣiríṣi àwọ̀ tó wà níta báyìí, tó jẹ́ òdòdó ìlọ́po-ìlọ́po, púpọ̀ nínú irú wọn ti Thailand àti Taiwan wá, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ara igi mìíràn ni. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ohunkóhun tó bá hù lábẹ́ ibẹ̀, ẹ ré e dànù, torí igi ìsàlẹ̀ fẹ́ gba ilé náà ni. Bí ẹ bá sì ti rà á délé, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú yẹ̀pẹ̀ dúdú tó bá a wá. Yẹ̀pẹ̀ yẹn dáa fún ọgbà tí wọ́n ti ń tà á, torí wọn ò gbèrò pé kó pẹ́ níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti tú bébà, wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àbúrò mi ní òun lè fi èso ránṣẹ́ tó bá yọ. Ṣé èso ló dáa ni, àbí kí n gé ẹ̀ka?

Bàbá Ọlọ́gbà

Èso. Ẹ̀ka á hu gbòǹgbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà ní ìdí ńlá. Èyí tó ti inú èso wá ló ń wú láti kékeré. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì pààrọ̀ ìkòkò, ẹ gbé ìdí rẹ̀ ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí gbòǹgbò ńláńlá máa yọ síta. Ìyẹn ni ẹwà tí àwọn èèyàn ń sanwó fún.

Àgbọn Dùn

Méjì-méjì ni pádi rẹ̀ máa ń yọ. Tèmi ti fẹ́ la báyìí. Mo ti fi òwú dì í lára, torí irun wà ní orí àti ìdí èso kọ̀ọ̀kan, tó bá là láìdì í, atẹ́gùn á gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ọgbà aládùúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Orí iyanrìn tútù ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, ẹ bu iyanrìn díẹ̀ bò ó, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti hù.

Ọmọ Ẹlẹ́ja

Mo fẹ́! Mò ń bọ̀ ní Sátidé.

Alhaja Pópó Ọbà

Láti Ẹ̀pẹ́ sí Àgbádárìgì nítorí èso? Ẹ bá mi gba tèmi náà bọ̀.

Àgbọn Dùn

Ẹ tètè kúrò nílé o, kí ọ̀nà Mowó tó dí. Bébà ni kí ẹ mú wá, ẹ má mú náílọ́ọ̀nù. Èso tí ẹ bá dì sí náílọ́ọ̀nù nínú ọkọ̀ tó gbóná, kí ẹ tó padà dé Ẹ̀pẹ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu.